Olùdarí Tìmùtìmù àti Òfin Mira-Kí-N-Rí-Ọ

"Màmá, tí nǹkan bá dákẹ́, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ó ti kú ni, àbí ó kàn ń sinmi?"

Ọmọ ọdún mẹ́fà ló béèrè bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀, níbi tó ti ki orí sáàárín orúnkún ìyá rẹ̀ tí ìyá ń di irun fún un. Ìgbín kan ló fa ọ̀rọ̀. Ìgbín náà lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé wọn, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Ìyá dá ọwọ́ ooyà dúró. Bàbá ọmọ ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kejì lábẹ́ àga. Ó yára ki orí wọ abẹ́ àga sí i, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n fi ìdáhùn pamọ́ sí.

"Bi bàbá ẹ," ni ìyá wí.

"Mo ń wá ìbọ̀sẹ̀," ni bàbá wí látabẹ́ àga.

Bí ìbéèrè náà ṣe wà nílẹ̀ láìrí ẹni gbé e nìyẹn. Ọmọ yìí kì í béèrè ohun tó rọrùn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Oníbéèrè, tí ìyá rẹ̀ sì di Ìyá Oníbéèrè nílé àti níbi iṣẹ́.

Ibi iṣẹ́ ìyá yìí gan-an ni ìtàn wa wà. Ọ́fíìsì ìjọba kan ni, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìlera àwọn ọmọdé. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ orúkọ ọmọ kan sórí kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn èyíkéyìí, ohun tó yẹ kó mọ̀ á jáde: abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ọmọ náà ti gbà, àìsàn tó ti ṣe é rí, àti, ní àwọ̀ pupa, oògùn tí kò gbọdọ̀ kan ọmọ náà lẹ́nu.

Oníbéèrè wà lára àwọn tó ní pupa. Nígbà tó ṣì ń rá kòrò, wọ́n fún un ní oògùn kan tí wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ tí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn. Ọ̀fun rẹ̀ wú, ó sì dákẹ́ lápá ìyá rẹ̀. Ó dákẹ́ débi pé ìyá rò pé ọmọ ti bọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìdákẹ́jẹ́ ò ti bá ìyá yìí lára mu mọ́. Bí ọmọ bá sùn, á tẹ́ ọwọ́ lé e láyà kí òun náà tó lè sùn.

Wàyí o, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé pupa yẹn jáde kò dúró lórí afẹ́fẹ́. Ìpìlẹ̀ kan ló dúró lé, tí àwọn kan tí ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì yìí kò fojú rí rí kọ lọ́jọ́ tó ti pẹ́, tí wọ́n sì gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá wù ú lè ṣí inú rẹ̀ wò, lè kọ́lé tirẹ̀ lé e, lè tún ibi tó bá sán nínú rẹ̀ ṣe. Àgbà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Nígbà èwe rẹ̀, ariwo rẹ̀ pọ̀: àtúnṣe lónìí, àtúnṣe lọ́la, àwọn tó ń kọ ọ́ ń bá ara wọn jiyàn ní gbangba. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀, bí kò ṣe sẹ́ni tó ń dárúkọ òpó ilé àfi ọjọ́ tó bá fẹ́ wó.

Báyìí ni nǹkan wà tí wọ́n fi gbé Olùdarí tuntun wá.

Ọkùnrin náà kò ga, ṣùgbọ́n ó ní tìmùtìmù. Tìmùtìmù aláwọ̀ wúrà ni, ó nípọn bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, òṣìṣẹ́ kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gbé e tẹ̀lé e kiri. Kó tó jókòó níbikíbi, tìmùtìmù á kọ́kọ́ jókòó, kó lè máa wo gbogbo èèyàn láti òkè. Lójú rẹ̀, Olùdarí ni. Lẹ́yìn rẹ̀, Tìmùtìmù ni. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa pè é bẹ́ẹ̀; kò sí níbí.

Igbákejì rẹ̀ jẹ́ ẹnì kan tó máa ń gbà fún ọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Bí Tìmùtìmù bá húkọ́, á ní, "Òótọ́ pọ́ńbélé, sà."

Níbi ìpàdé àkọ́kọ́, Tìmùtìmù gun orí tìmùtìmù rẹ̀, ó na ìka sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "ayé ń sáré. Ta ló ń sáré? Ayé ni. Àwa ńkọ́? A jókòó. Èmi náà jókòó, n ò jiyàn, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń wò mí yìí, inú mi lọ́hùn-ún ń sáré."

"Ẹ̀ ń sáré gan-an, sà," ni Igbákejì wí. "Èémí yín ń dún létí mi."

"Nítorí náà, láti òní lọ, òfin kan ṣoṣo la ó máa tẹ̀ lé. Ẹnikẹ́ni àti ohunkóhun tí kò bá mira kí n rí i láàárín oṣù kan, òkú ni. Òkú kì í sì í gbé ọ́fíìsì."

Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Kí ni wọn ì bá ṣe? Ẹni tí kò bá pàtẹ́wọ́ kò mira.

Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ́fíìsì ká, Igbákejì níwájú, tìmùtìmù lẹ́yìn. Wọ́n kan ọlọ́dẹ ní ẹnu géètì.

"Láti ìgbà tó o ti ń ṣọ́ ibí, olè mélòó lo ti mú?"

"Kò sí olè tó yọjú, sà."

"Ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀. Kò mú ẹyọ olè kan." Ọlọ́dẹ kó àpò rẹ̀, ó di ilé.

Wọ́n kan oníná nínú yàrá rẹ̀, tó ń fi aṣọ nu àpótí wáyà.

"Kí ló bàjẹ́ tó o tún ṣe lóṣù tó kọjá?"

"Kò sóhun tó bàjẹ́, sà. Mo máa ń yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n má bàa—"

"Kò sóhun tó tún ṣe," ni Tìmùtìmù bá Igbákejì wí, Igbákejì sì mi orí bí ẹni tó ń sunkún òkú. Oníná náà di ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n yọ agolo pupa tí wọ́n fi ń pa iná kúrò lára ògiri, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́ síbẹ̀, kò tíì pa iná kankan. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ẹ wo ọ̀gá tiyín náà dáadáa ná.

Ó wá kan Àgbà.

Wọ́n pe Ìyá Oníbéèrè àti ẹnì kejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Gíga nítorí pé ó máa ń tẹ̀ kó tó wọlé, wá sí yàrá ìpàdé.

"Ìpìlẹ̀ tí ẹ ń lò yìí," ni Tìmùtìmù wí, "ìgbà wo làwọn tó ni ín fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?"

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan, sà," ni Ìyá Oníbéèrè dáhùn.

"Èèyàn mélòó ló ń tọ́jú ẹ̀?"

"Ó ku méjì, sà. Ọ̀kan jẹ́ tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì."

"Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Èkejì ńkọ́? Ṣé ó ti ń wọn pósí ni?"

Igbákejì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Ká má purọ́, ìbéèrè ọkùnrin náà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lé nǹkan lórí, ó yẹ kó bi í pé ṣé o ṣì wà láàyè. Ìyá Oníbéèrè pàápàá ti bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìdákẹ́jẹ́ Àgbà ti dẹ́rù bà á rí, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n òun ò jókòó sídìí ẹ̀rù; ó kọ̀wé sí àwọn tó ni ín. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, tíṣà ìṣirò ti dáhùn: "Ọmọ mi, a wà níbí. A ò pariwo nítorí pé kò sóhun tó ń jò. Nígbà tẹ́nì kan rí ibi tí olè lè gbà wọlé lọ́dún tó kọjá, a dí i lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n àgbà ti ń dé sí wa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́ inú ẹ̀." Láti ìgbà náà ni òun àti Gíga ti ń ṣí inú Àgbà wò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọ̀nà ilé àna.

Gbogbo èyí ló rò fún Tìmùtìmù. Ó ní, "Sà, kì í ṣe pé wọ́n dákẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé káwa má mọ inú ẹ̀. Ẹ fún wa láyè ká kọ́ ọ tán. Tí wọn ò bá sí mọ́ lọ́la, àwa á lè gbé e ró títí a ó fi rí òmíràn."

Tìmùtìmù ronú. Ó hàn pé ó ń ronú, torí tìmùtìmù ń dún lábẹ́ rẹ̀.

"O kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì dáhùn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ ò rí i? Wọn ò níṣẹ́ lọ́wọ́."

"Òótọ́ pọ́ńbélé, sà."

Ìpìlẹ̀ tuntun kan ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ìjì ni wọ́n ń pè é. Ìjì kò tíì pé ọdún kan láyé, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ ti gba ìgboro. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yí i padà; ohun tó wà lọ́wọ́ òsì lánàá, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n á bá a lónìí, wọ́n á sì ní kẹ́ni tó ti kọ́lé lé e lórí lọ wó ògiri rẹ̀. Tìmùtìmù fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń fẹ́ràn ìlù tó ń dún.

"Ẹ wo bó ṣe ń mira," ni ó wí, ojú rẹ̀ ń dán.

Gíga ò lè pa á mọ́ra. "Sà, ohun tó bá ń gbọ̀n tó báyìí, ibà lè wà lára ẹ̀."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti gbé tábìlì Gíga lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, níbi táwọn èèyàn ti ń mira dáadáa.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ bọ́ sórí Ìjì. Ìyá Oníbéèrè ń dán an wò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, orúkọ tó sì máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ ni ti ọmọ tirẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, orúkọ jáde, ọjọ́ orí jáde, abẹ́rẹ́ àjẹsára jáde. Pupa kò jáde. Ìjì ti yí ara rẹ̀ padà láàárọ̀, ibi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ìkìlọ̀ sí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó tẹ orúkọ ọmọ ẹlòmíràn tó mọ̀ pé ó ní pupa. Kò sí. Ó sáré lọ bá Tìmùtìmù.

"Sà, Ìjì ò gbé ìkìlọ̀ oògùn jáde. Nọ́ọ̀sì á rò pé ọmọ ò ní nǹkan kan. Á fún un ní oògùn tó lè pa á."

"Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà gbé ìkìlọ̀ náà jáde tẹ́lẹ̀?"

"Pupa ni, sà."

Tìmùtìmù fajú ro. "Pupa kì í ṣe àwọ̀ ìlọsíwájú. Gbogbo ibi ayẹyẹ tí a ó fi gbé Ìjì jáde la ó kùn ní àwọ̀ ewé. Ẹ má wá fi pupa bà á jẹ́ fún mi."

"Ewé ni ìyè, sà," ni Igbákejì wí.

"Sà, mo ní ọmọ lè kú."

"Ìyá Oníbéèrè, ìyá lo jẹ́, ẹ̀rù ni iṣẹ́ ìyá. Àwọn tó ni Ìjì á tún un ṣe. Wọ́n ń tún un ṣe lójoojúmọ́."

Nílé, obìnrin náà rò ó fún ọkọ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Oníbéèrè kò wá ìbọ̀sẹ̀ kankan. "Tó o bá sọ̀rọ̀ níta, wọ́n á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ," ó ní. "Tó ò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

Kí ló dé tí wọn ò tíì pa Àgbà gbogbo ìgbà yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbéraga. Tìmùtìmù ò fẹ́ kí Àgbà kú lábẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pa á níṣojú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ́fíìsì náà àti àwọn oníròyìn. Ó ní kí wọ́n ṣe bọ́tìnnì ńlá kan, kí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ wúrà, kí wọ́n gbé e ka orí tábìlì gíga. Á ka ọ̀rọ̀ ìdágbére fún Àgbà, á tẹ bọ́tìnnì, Àgbà á kú, Ìjì á sì jọba. Títí dọjọ́ náà, kí Àgbà máa mí.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé, ọjọ́ tí Oníbéèrè béèrè ọ̀rọ̀ ìgbín gan-an. Láàárọ̀ kùtù, ariwo sọ ní yàrá Olùdarí: tìmùtìmù ti lọ. Olè ti gba géètì wọlé, géètì tí kò ní ọlọ́dẹ, ó sì mú ohun kan ṣoṣo tó ń dán nínú ilé lọ. Wọ́n wá ìrọ̀rí káàkiri, wọn ò rí. Bí Tìmùtìmù ṣe jókòó sídìí tábìlì gíga láìsí tìmùtìmù nìyẹn. Àwọn tó wà níwájú ń rí iwájú orí rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń gbọ́ ohùn, wọn ò mọ ibi tó ti ń wá.

"Àgbà," ni ohùn náà wí, "o ṣe tìrẹ. O jókòó, o dákẹ́, o kò mira. Sùn re o. Ìwọ ni àná. Èmi, mo fẹ́ sọ pé Ìjì, ni ọ̀la."

Alága ìgbìmọ̀ náà, obìnrin àgbàlagbà kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Alága, wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ fi ọ̀la yẹn hàn wá," ó ní.

Igbákejì ti múra àkọsílẹ̀ ọmọ kan sílẹ̀. Wọ́n gbé e sórí síkíríìnì ńlá, gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé: ọmọ tí kò ṣàìsàn rí, tí ikọ́ ò ṣe rí, tí ara rẹ̀ kò gbóná rí.

Màmá Alága yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í wò. "Ọmọ ta nìyí? Mo bímọ mẹ́rin, mo lọ́mọ-ọmọ, n ò rí ọmọ tí imú ẹ̀ ò dí rí."

"Àpẹẹrẹ ni, mà," ni Igbákejì wí, ohùn rẹ̀ ti ń kéré.

"Ẹ fi ọmọ tí wọ́n bí hàn mí."

Ìyá Oníbéèrè dìde. Ó di ẹ̀yìn àga mú. "Ẹ wo ti ọmọ mi, mà," ó ní, ó sì pe orúkọ náà fún ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà.

Orúkọ jáde. Ewé ni gbogbo rẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: KÒ SÍ ÌKÌLỌ̀ KANKAN.

"Ọmọ tó lára le," ni ohùn tó wà lẹ́yìn tábìlì wí.

"Mà, oògùn kan wà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ yìí rí," ni Ìyá Oníbéèrè wí. "Apá mi ló dákẹ́ sí. Tí mo bá gbé e lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ òní, tí ọ̀fun ń dùn ún, ohun tí nọ́ọ̀sì á rí nìyí. Á fún un. Kì í ṣe ọmọ tèmi nìkan. Mo ti sọ ọ́ fún Olùdarí. Ó wà ní pupa nínú Àgbà."

Àwọn oníròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

"Ẹ ṣí Àgbà ká wò ó," ni Màmá Alága wí.

Bí Tìmùtìmù ṣe gbọ́ èyí ló fò dìde. "Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Àsìkò ti tó." Ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì wúrà. Tábìlì ga, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ó gun ẹsẹ̀ àga, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ó tún un tẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn.

"Ta ló yẹ kó so wáyà nǹkan yìí?" ló bi Igbákejì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó gbàgbé pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lẹ́nu òun.

"Oníná ni, sà."

"Níbo ló wà?"

"Ẹ ti lé e, sà. Kò mira."

Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni Gíga ti ṣí Àgbà. Àgbà kò pẹ́ kó tó jáde, kò pariwo, kò sì ní kẹ́nikẹ́ni wó ògiri. Orúkọ Oníbéèrè jáde pẹ̀lú pupa lábẹ́ rẹ̀: orúkọ oògùn náà, àti ọ̀rọ̀ tí dókítà kọ lọ́jọ́ burúkú náà. Ìyá rẹ̀ yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Màmá Alága yíjú sí tábìlì gíga. "Olùdarí, ṣé lóòótọ́ ni obìnrin yìí ti sọ fún yín?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọkùnrin náà, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Wọ́n dúró dè é. Ó ń wo bọ́tìnnì.

"Ẹ̀ ń dákẹ́," ni Màmá Alága wí. "Wọ́n ní ẹ ṣòfin kan nípa ẹni tó bá dákẹ́. Ẹ mira ká rí yín."

Kò mira.

"Ó dáa. Ẹ fún ẹni tó bá mọṣẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì yín."

"Òótọ́ pọ́ńbélé, mà," ni Igbákejì wí, ó sì ti rọra sún àga rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Alága.

Oníná padà, ọlọ́dẹ padà, wọ́n gbé tábìlì Gíga kúrò níbi tó ń rùn. Wọ́n ní kí wọ́n fi Ìjì sílẹ̀ ná kí ibà rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Wọn ò sì sọ pé Àgbà á wà títí ayé. "Ọjọ́ kan á dé tí a ó fi í sílẹ̀," ni Màmá Alága wí fún Ìyá Oníbéèrè. "Kí ọjọ́ náà má bá wa lójú oorun ni. Ẹ kọ́ inú ẹ̀ tán, kẹ́ ẹ kọ́ àwọn míì. Kẹ́ ẹ sì bá àwọn méjèèjì tó ń tọ́jú ẹ̀ gbé lára iṣẹ́ wọn." Wọ́n ní Tìmùtìmù ti rí tìmùtìmù míì rà. Àga ni kò tíì rí.

Lálẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ náà, Oníbéèrè fa ìyá rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìgbín ṣì wà lára ògiri.

"Màmá, ẹ ò tíì dá mi lóhùn."

"Bu omi wá," ni ìyá wí.

Ọmọ bu omi wá nínú ife, ó rọra dà á sí ìgbín lára. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wò ó, bàbá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ìgbín ò yọjú.

"Ó ti kú," ni Oníbéèrè wí.

"A ò tíì mọ̀. A ti pè é. Ẹni tí wọ́n bá pè, ẹ jẹ́ kó ráyè dáhùn. Lọ́la a ó tún pè é."

"Tí kò bá dáhùn lọ́la ńkọ́?"

"Oníbéèrè, lọ sùn," ni bàbá wí. Ìdáhùn tó gbọ́n jù tó ti fún un látàárọ̀ nìyẹn.

Ọmọ sùn. Kò pẹ́, bàbá náà sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú ìbọ̀sẹ̀. Ilé dákẹ́. Ìyá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ó ń wo aṣọ ìbora, kò rí i kó lọ sókè, kò rí i kó wá sílẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ lé ọmọ láyà, ó sì pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Hùn," ni Oníbéèrè wí láti ojú oorun.

Ìyá pa iná, ó na ẹ̀yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà sì sùn lọ.